Fèrèsé Òkè, Òrùlé Ìsàlẹ̀: Mo Dáhùn Ìbéèrè Yín

Nínú àtẹ̀jáde wa tó kọjá, mo sọ̀rọ̀ nípa fífọ fèrèsé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, mo sì sọ ọ́ níbẹ̀ pé ẹni tó ń fọ fèrèsé kò gbọdọ̀ ka òrùlé sí ilẹ̀ tí èèyàn ń dúró lé. Ọ̀rọ̀ yẹn ló mú lẹ́tà wá rẹpẹtẹ. Àwọn kan gbà pẹ̀lú mi, àwọn kan ní mo ti ń dẹ́rù ba àwọn ọmọṣẹ́ jù. Iṣẹ́ fèrèsé fífọ ni mo fi jẹun títí irun mi fi funfun, àwọn ọ̀dọ́ ni mo sì ń kọ́ níṣẹ́ náà báyìí, nítorí náà ọ̀rọ̀ yìí kàn mí gbọ̀ngbọ̀n. Díẹ̀ nínú àwọn lẹ́tà náà nìyí.

Bàbá, ẹ kú iṣẹ́. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́dọ̀ ọ̀gá kan tó ń fọ fèrèsé. Ilé kan wà tí a máa ń lọ, òrùlé yàrá ìsàlẹ̀ rẹ̀ yọ síta lábẹ́ fèrèsé òkè méjì, ó sì dagẹ̀rẹ́. Ọ̀gá mi ní kí n gun àkàbà, kí n bọ́ sórí òrùlé yẹn kí n fọ fèrèsé náà, pé gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ rẹ̀ kò tó nǹkan. Ẹ̀rù ń bà mí, ṣùgbọ́n mi ò fẹ́ kó fojú ọ̀lẹ wò mí. Ṣé kí n máa ṣe é bẹ́ẹ̀?
— Ọmọṣẹ́

Ọmọ mi, má bọ́ sórí rẹ̀. Ẹ̀rù tó ń bà ọ́ kì í ṣe ti ọ̀lẹ, ojú rẹ ló rí ohun tó wà níbẹ̀.

Wo ìṣirò yìí. Bí òrùlé bá dagẹ̀rẹ́ ní dígírì 30, èyí tí ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń sọ pé kò tó nǹkan, ohun tó tó ìdajì ìwọ̀n ara rẹ ló ń fà ọ́ lọ sí etí òrùlé ní gbogbo ìgbà tí o bá wà lórí ìdúró níbẹ̀. Ẹni tó wọn kílò 80, kílò 40 ló ń fà á lọ sísàlẹ̀, bó mira, bí kò mira. Bí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ náà bá dé dígírì 45, ohun tó ń fà á ti lé ní kílò 56. Ohun kan ṣoṣo tó dá a dúró ni bí ìsàlẹ̀ bàtà rẹ̀ ṣe di òrùlé mú. Lórí òrùlé tó gbẹ tó sì mọ́, bàtà tí rọ́bà ìsàlẹ̀ rẹ̀ rọ̀ lè dì í mú. Ṣùgbọ́n ta ló ń fọ fèrèsé láìlo omi? Àwa fúnra wa là ń gbé omi àti ọṣẹ lọ síbẹ̀. Omi ọṣẹ tó ń kán láti ojú gíláàsì, ibi tí ẹsẹ̀ rẹ wà gan-an ló ń kán sí. Ibi gbígbẹ lo dúró sí nígbà tí o bẹ̀rẹ̀ fèrèsé kìíní. Nígbà tí o bá fi máa parí rẹ̀, orí ọṣẹ lo wà.

Tún ro àwọn ohun tó ti wà lórí òrùlé náà kí o tó dé: ìrì àárọ̀, ewé tó ti rà, eruku lẹ́búlẹ́bú tí afẹ́fẹ́ gbé wá, àti ohun aláwọ̀ ewé tó máa ń hù ní apá tí oòrùn kì í dé. Èyí tó ń hù yìí ni mo bẹ̀rù jù nínú gbogbo wọn. Bó bá gbẹ, ojú lè máà rí i rárá. Bí omi bá ti kàn án, ẹsẹ̀ kankan kò lè dúró lé e.

Etí òrùlé ìsàlẹ̀ lè ga tó mítà 3. Ẹni tó bá já láti ibẹ̀ kò ní lo tó ìṣẹ́jú àáyá kan kó tó balẹ̀, eré tó sì máa fi balẹ̀ lé ní kìlómítà 27 ní wákàtí kan. Kò sí ẹni tó lè nawọ́ di nǹkan mú láàárín àkókò bẹ́ẹ̀. Àwọn èèyàn máa ń sọ pé òrùlé ìsàlẹ̀ kò ga. Ó ga tó láti ṣẹ́ ọ̀pá ẹ̀yìn.

Ibi tó tún léwu gan-an ni bíbọ́ kúrò lórí àkàbà sórí òrùlé, àti pípadà sórí àkàbà, èyí tó burú jùlọ torí pé ẹ̀yìn ni wàá kọ sí ibi tí ò ń lọ. Ẹsẹ̀ kan wà lórí àkàbà, èkejì wà lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Bí o bá fẹsẹ̀ ti àkàbà díẹ̀, ó lè yà sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ìdí nìyẹn tí àkàbà tí èèyàn máa bọ́ kúrò lórí rẹ̀ fi gbọ́dọ̀ yọ kọjá etí ibẹ̀ ní nǹkan bíi mítà 1, kó sì ní ohun tí wọ́n so ó mọ́. Gọ́tà oníke kò sí lára ohun tí à ń so àkàbà mọ́, kò sì yẹ kí àkàbà fara tì í pàápàá.

Kí ni kó o wá ṣe? Kí ẹ tó pọn omi sínú garawa rárá, ẹ rìn yí ilé náà ká, kí ẹ wo fèrèsé kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì bi ara yín pé: ibo la lè dúró sí fọ èyí tí a ò ní fẹsẹ̀ kan òrùlé? Ìdáhùn kìíní máa ń jẹ́ inú yàrá. Fèrèsé tó ń ṣí sínú, o lè fọ ìta rẹ̀ pẹ̀lú ẹsẹ̀ méjèèjì lórí ilẹ̀ yàrá. Èyí tí wọ́n ń tì sẹ́gbẹ̀ẹ́, o lè fi ọ̀pá kúkúrú tó ṣeé tẹ̀ lọ́rùn dé apá kejì rẹ̀. Ṣùgbọ́n má ṣe jókòó sórí férémù kí o na ara síta o, ìyẹn ò sàn ju òrùlé lọ. Bí inú kò bá ṣeé ṣe, ọ̀pá gígùn láti ilẹ̀ ló kàn. Bí ìyẹn náà kò bá ṣeé ṣe, ó di ẹ̀rọ tó ń gbé èèyàn gòkè tàbí pèpéle onírin tó ní ọwọ́ ìdìmú yíká. Òfin iṣẹ́ orí òkè tí wọ́n ṣe ní ilẹ̀ Bìrìtéènì lọ́dún 2005 tò ó bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́: èyí tó ṣeé ṣe láìgòkè, kí wọ́n ṣe é láìgòkè, èyí tó gba gígòkè, kí wọ́n fi ohun tí kò ní jẹ́ kí èèyàn já sí i, ìgbà tí ìyẹn kò bá ṣeé ṣe nìkan ni wọ́n á wá ohun tí kò ní jẹ́ kí jíjá náà ṣèèyàn léṣe púpọ̀. Ohun tí mo fẹ́ràn nínú òfin náà ni ètò yẹn. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń bẹ̀rẹ̀ láti ìkẹta.

Ó lè jẹ́ pé kò sí ọ̀nà kankan lóòótọ́. Nígbà náà, ẹ sọ fún onílé pé fèrèsé méjì yẹn kò sí lára iṣẹ́ òní, kí ẹ sì yọ owó wọn kúrò.

Ní ti ọ̀gá rẹ, má dúró níwájú oníbàárà kí o ní o ò ṣe. Lọ bá a kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, kí o sọ pé, “Ọ̀gá mi, ẹ jọ̀ọ́, mo rí i pé fèrèsé méjèèjì yẹn ń ṣí sínú, ṣé kí n tọrọ àyè lọ́wọ́ onílé kí n gba inú yàrá fọ̀ wọ́n?” Ọ̀gá tó mọṣẹ́ á gbọ́. Bó bá ní dandan ni kí o gun òrùlé láìfún ọ ní ohun ààbò kankan, wá ọ̀gá mìíràn, ọmọ mi. Bí òun náà bá sì ń ka ìwé ìròyìn yìí: ọ̀gá, ọmọ ọlọ́mọ ni.

Ẹni tó ń bá mi fọ fèrèsé ti ra ọ̀pá gígùn kan tó ní búrọ́ọ̀ṣì lórí, omi ń gba inú rẹ̀ jáde. Ilẹ̀ ló máa ń dúró sí báyìí, kì í gun òrùlé mọ́. Ṣùgbọ́n kì í fi nǹkan kan nu gíláàsì lẹ́yìn tó bá fọ̀ ọ́, ṣe ló máa ń fi omi sílẹ̀ lára rẹ̀ lọ. Ṣé kì í ṣe pé ó ń rẹ́ mi jẹ?
— Ìyá tó ni pẹ̀tẹ́ẹ̀sì

Rárá mà, kò rẹ́ yín jẹ. Àbàwọ́n funfun tí ẹ máa ń rí lára gíláàsì lẹ́yìn tí omi bá gbẹ, àwọn èròjà tó yòrò sínú omi láti inú ilẹ̀ ló ń fi í sílẹ̀, pàápàá calcium àti magnesium. Omi á fẹ́ lọ, èròjà á kù. Omi tí ọkùnrin yẹn ń lò ti gba inú asẹ́ tó yọ wọ́n kúrò, nítorí náà bó bá gbẹ, kò ní ohun tó máa fi sílẹ̀. Ẹ̀rọ kékeré kan wà tí a máa ń tì bọ omi láti mọ iye èròjà tó kù nínú rẹ̀. A máa ń fẹ́ kó ka 0. Bó bá ti ń sún mọ́ 10, a mọ̀ pé asẹ́ ti ń fẹ́ pípààrọ̀. Bí ẹ bá rí ìlà lára gíláàsì lẹ́yìn tó lọ, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé kò fọ orí férémù dáadáa, torí ìdọ̀tí orí férémù ló máa ń ṣàn wálẹ̀ gba ojú gíláàsì tó ti mọ́.

Ẹ bá mi sọ ohun mẹ́ta fún un. Àkọ́kọ́ ni wáyà iná. Ọ̀pá aluminium ń gbé iná, carbon fibre, ohun dúdú tó fúyẹ́ tí wọ́n fi ń ṣe ọ̀pá, náà ń gbé iná, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pá yòówù tí omi bá wà lára rẹ̀. Kó jìnnà sí wáyà ní mítà 3 ó kéré tán, kó sì kọ́kọ́ gbójú sókè wo ibi tí wáyà gbà kó tó na ọ̀pá rárá. Èkejì, òrùlé tó yọ síta máa ń lé èèyàn sẹ́yìn, ọ̀pá á gùn sí i, á sì máa tẹ̀. Bí afẹ́fẹ́ bá ń fẹ́ gan-an, kó fi fèrèsé yẹn sílẹ̀ di ọjọ́ mìíràn. Ẹ̀kẹta, ojú rẹ̀ wà lókè ní gbogbo ìgbà tó ń ṣiṣẹ́, nítorí náà kí ẹ bá a kó ohun ìṣeré àwọn ọmọ kúrò nílẹ̀ àgbàlá, kó sì mọ ibi tí họ́ọ̀sì rẹ̀ gbà, kó má baà kọsẹ̀.

Ẹ má sì jẹ́ kó bọ́, mà. Ẹni tó náwó kó má baà gun òrùlé yín, òṣìṣẹ́ gidi ni.

Bàbá, mo máa ń gbé àkàbà kékeré lé orí òrùlé ìsàlẹ̀, mo máa ń tẹ́ àpò sábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, mo sì máa ń fi orí rẹ̀ ti ògiri. Kò tíì yọ̀ rí. Kí lẹ rí sí i?
— Onífèrèsé

Ẹ má ṣe é mọ́. Àkàbà tó fara ti ògiri, ẹsẹ̀ rẹ̀ máa ń fẹ́ sá kúrò nídìí ògiri. Lórí ilẹ̀ títẹ́jú, bí orí àkàbà bá ga ní mítà 4, a máa ń gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ jìnnà sí ògiri ní mítà 1, ìyẹn nǹkan bíi dígírì 75, rọ́bà ẹsẹ̀ rẹ̀ á sì di ilẹ̀ mú. Lórí òrùlé tó dagẹ̀rẹ́ kúrò lára ògiri, ibi tí ẹsẹ̀ àkàbà ń fẹ́ sá lọ náà ni gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ń fà á lọ. Àwọn méjèèjì ti pawọ́ pọ̀ lórí yín. Àpò tí ẹ tẹ́ sábẹ́ rẹ̀ á bá a lọ ni. Ẹ ní kò tíì yọ̀ rí: ọjọ́ tí òrùlé gbẹ lẹ ń sọ.

Àkàbà òrùlé tí àwọn káfíńtà ń lò yàtọ̀ sí èyí. Ṣe ló ń sùn pẹlẹbẹ lé òrùlé, ìkọ́ ńlá orí rẹ̀ á sì gbá góńgó òrùlé mú láti òdìkejì. Àmọ́ òrùlé tó parí sí ara ògiri, bíi tiyín, kò ní góńgó tí ìkọ́ lè gbá mú.

Òrùlé ilé iṣẹ́ tí mo ń bójú tó ti gbó. Asbestos ni, àwọn abala oníke tó ń jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ wọlé sì wà láàárín rẹ̀. Fèrèsé tò sára ògiri tó ga ju òrùlé náà lọ. Àwọn tó ń fọ̀ ọ́ ní bí àwọn bá ṣáà ti ń tẹ orí ibi tí bóòtì tó de òrùlé mọ́lẹ̀ wà, níbi tí igi wà lábẹ́, kò séwu. Ṣé òótọ́ ni?
— Alábòójútó

Irọ́ tó ń pa èèyàn ni. Mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn tó fẹ́ràn ọmọṣẹ́ wọn pàápàá, ohun tó fi ń bà mí lọ́kàn jẹ́ nìyẹn.

Asbestos tó ti gbó kì í tẹ̀, kì í sì í dún kó tó fọ́. Ẹsẹ̀ á kàn wọlé ni, ara á sì tẹ̀ lé e. Ìlà bóòtì yẹn kò fẹ̀ tó ẹsẹ̀ èèyàn. Ẹni tó bá gbé garawa omi lọ́wọ́ kan tí ẹsẹ̀ rẹ̀ sì yẹ̀ díẹ̀, ó ti kúrò lórí ìlà. Abala oníke ló tún burú ju asbestos fúnra rẹ̀. Oòrùn ti sọ ọ́ di ohun tó ń fọ́ kángẹ́kángẹ́, ìdọ̀tí ti bo ojú rẹ̀ tàbí kí wọ́n ti kùn ún lọ́dà mọ́ ìyókù, nítorí náà ojú kò lè dá a mọ̀ mọ́. Ẹni tó bá sì já gba inú òrùlé, kì í ṣe ìta ló ń já sí. Orí kọnkéré ni, tàbí orí ẹ̀rọ, láti òkè gbogbo ilé iṣẹ́ náà.

Ohun kan tún wà níbẹ̀ tí ojú kì í rí. Bí wọ́n bá ń ha òrùlé asbestos tàbí tí wọ́n ń fi ẹ̀rọ tu omi líle sí i kí ó lè mọ́, fọ́nrán rẹ̀ kéékèèké máa ń fò sínú afẹ́fẹ́, ó sì ń wọ ẹ̀dọ̀fóró. Àìsàn tó ń fà lè lò tó ogún ọdún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kó tó fara hàn. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọ òrùlé náà mọ́ fèrèsé.

Ẹ̀yin lẹ lè dá èyí dúró, nítorí ọwọ́ yín ni kọ́kọ́rọ́ wà. Ẹ ti ọ̀nà tó lọ sórí òrùlé, kí ẹ sì lẹ ìkìlọ̀ mọ́ ọn ní èdè tí gbogbo òṣìṣẹ́ lè kà. Kí àwọn tó ń fọ fèrèsé máa lo ẹ̀rọ tó ń gbé èèyàn gòkè láti ilẹ̀, tàbí kí wọ́n máa fi ọ̀pá fọ̀ ọ́. Bí fèrèsé kan bá wà tí kò sí ohun tó lè dé ibẹ̀ bí kò ṣe pé kí èèyàn gba orí òrùlé kọjá, iṣẹ́ àwọn tó mọ òrùlé ni, pẹ̀lú pákó fífẹ̀ tó ní ọwọ́ ìdìmú, tó sì gùn láti ibi igi kan dé ibi igi kejì. Ẹ̀yin náà ẹ bi ara yín bóyá ó tiẹ̀ pọn dandan kí fèrèsé yẹn máa dán.

Mo ti ra bẹ́líìtì ààbò tó ń gba èjìká àti itan, àti okùn rẹ̀. Irin tó wà lójú fèrèsé ni mo máa ń so ó mọ́. Ṣé mo lè máa gun òrùlé lọ báyìí?
— Ẹni tó fẹ́ pẹ́ láyé

Inú mi dùn pé ẹ náwó lé ara yín lórí. Àmọ́ ibi tí ẹ so okùn mọ́ ni gbogbo iṣẹ́ wà. Ìlànà Amẹ́ríkà ní kí ibi tí wọ́n so okùn ẹni kan mọ́ lè gba pọ́n-ùn 5,000, ìyẹn lé ní kílò 2,200, nítorí pé ara tó ń já bọ̀ máa ń fa okùn gidigidi ju bó ṣe wọ̀n lọ. Ìṣó mélòó kan ló di irin fèrèsé mú mọ́ ògiri. Gọ́tà kò ṣeé so ó mọ́, bẹ́ẹ̀ ni òpó èéfín tí kò sí ẹni tó yẹ̀ ẹ́ wò.

Ìlò okùn náà pín sí méjì, èyí tó dára jù ni ọ̀pọ̀ èèyàn kì í lò. Ìkíní ni kí okùn kúrú débi pé ẹ ò lè dé etí òrùlé rárá. Èkejì ni kí okùn gbé yín lẹ́yìn tí ẹ bá ti já. Ẹ wo ohun tí èkejì yìí ń gbà: okùn mítà 2, ohun tó ń dín ipá jíjá kù tó lè nà sí i ní mítà 1.75, gígùn ara yín láti ibi tí okùn so mọ́ dé ẹsẹ̀, àti àyè díẹ̀ tó gbọ́dọ̀ kù lábẹ́. Àpapọ̀ wọn á tó nǹkan bíi mítà 6. Bí òrùlé yín bá ga ní mítà 3, ilẹ̀ lẹ máa kọ́kọ́ bá kí okùn tó le. Lórí òrùlé tí kò ga, okùn kúkúrú nìkan ló wúlò. Bí ibi tí ẹ so ó mọ́ kò bá sì sí lókè yín tààrà, ẹ máa fì lọ gbá ògiri ni.

Ẹ má dá ṣiṣẹ́ pẹ̀lú okùn. Ẹni tó bá ń fì rọ̀ nínú bẹ́líìtì láìmira, ẹ̀jẹ̀ á máa gbára jọ sí ẹsẹ̀ rẹ̀, ìṣẹ́jú díẹ̀ sì ti lè di ewu. Kí ẹnìkan wà nílẹ̀ tó mọ bí wọ́n ṣe ń sọ yín kalẹ̀, tó sì ní ohun tó máa fi ṣe é. Okùn tó bá ti gba jíjá lẹ́ẹ̀kan, ẹ gé e dànù. Ẹ lọ gba ẹ̀kọ́ rẹ̀ lọ́dọ̀ ẹni tó ń kọ́ni, torí ìwé mi yìí kò tó fún un.

Yàrá wa wà lábẹ́ òrùlé, fèrèsé rẹ̀ sì wà lára òrùlé gan-an. Ọkọ mi ní òun á gun òkè lọ fọ ìta rẹ̀ ní òpin ọ̀sẹ̀. Bàbá, ẹ bá mi bá a sọ̀rọ̀.
— Ìyàwó ilé

Baálé ilé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé àkàbà sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ fèrèsé òrùlé, irú èyí tí ilé iṣẹ́ VELUX tó bẹ̀rẹ̀ ní ilẹ̀ Dẹ́nmáàkì lọ́dún 1941 sọ di mímọ̀ káàkiri ayé, wọ́n ṣe é kó lè yí po láàárín. Ẹ fa ọwọ́ rẹ̀ tó wà lókè, ẹ yí fèrèsé náà títí ojú ìta rẹ̀ á fi kọjú sí yín nínú yàrá. Ìdábùú kékeré kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tí ẹ máa tì sínú ihò lára férémù, kó má baà yí padà lé yín lọ́wọ́. Ẹ tẹ́ aṣọ sílẹ̀ kí omi má ba ilẹ̀ jẹ́, kí ẹ fi ọṣẹ díẹ̀ àti fóòmù fọ̀ ọ́, kí ẹ fi rọ́bà fa omi rẹ̀, kí ẹ sì gbá ewé tó wà létí férémù kúrò kó má baà dí ọ̀nà omi òjò. Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ yẹ ìdábùú yẹn wò. Bó bá ti dípẹtà tàbí tí kò wọ ihò mọ́, ẹ pe káfíńtà kó pààrọ̀ rẹ̀ ná.